Kí ni ìṣọ́ àrùn?

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, bí ibà bá mú èèyàn, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Á ra oògùn ibà, á sì gba ilé lọ. Bí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn tó lo oògùn náà tán ńkọ́? Ó lè jẹ́ Lassa, àrùn tí eku ń gbé kiri. Ibà àti Lassa jọra níbẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, ó rẹni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí ọlọ́dẹ ṣe ń ṣọ́ àdúgbò lóru ni wọ́n ń ṣọ́ àrùn. Ọlọ́dẹ tó mọ ìrìn àwọn ará ilé ló ń mọ̀ pé àlejò wọlé. Bákan náà, ẹni tí kò bá mọ iye èèyàn tí ibà ń mú nígbà òjò kò lè mọ̀ pé ti ọdún yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kíkà yìí ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà lójú tèmi, ó ju ẹ̀rọ lọ.

Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òṣìṣẹ́ ìṣọ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní DSNO. Òun ni nọ́ọ̀sì máa ń pè bí àìsàn kan bá rú u lójú. Á rí i pé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn dé ibi àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ Lassa, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, wọ́n á sì máa bẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21, torí ó lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Ìròyìn á ti ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ dé NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, l'Ábùjá.

Ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà wà lára ibi tó ti ń jà jù. Eku tó ń gbé e kò mọ ààlà, gàárì tí a sá sílẹ̀ ló ń tọ̀ sí.

Ní oṣù keje 2014, nígbà tí aláìsàn kan gbé àrùn Ebola wọ Èkó, Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọn ò jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ọsibítù. Nǹkan bí 900 èèyàn ni wọ́n tọpa lẹ́yìn náà. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, Adadevoh wà lára wọn. Ní October 20, wọ́n kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ìyá alágbo náà wà nínú ìṣọ́ yìí. Bí èèyàn mẹ́ta láti agboolé kan bá wá ra àgbo ibà lọ́sẹ̀ kan, tí ọ̀kan sì ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú, kó má dúró de ẹ̀kẹrin. Kó ránṣẹ́ sí ilé ìlera lọ́jọ́ náà gan-an.