Ìdarí fèrèsé nínú ìṣàfarawé ooru ilé

Ìdarí fèrèsé nínú ìṣàfarawé ooru ilé ni àṣẹ tí ayàwòrán-ilé tàbí ẹnjiníà ń kọ sínú ètò kọ̀ǹpútà kí ètò náà lè mọ ìgbà tí fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò ṣí, ìgbà tí wọn yóò tì í, àti bí yóò ṣe ṣí tó. Ìṣàfarawé fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́ ilé sórí kọ̀ǹpútà kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé ilẹ̀: a ó sọ bí ògiri ṣe nípọn tó, irú páànù tó wà lókè, iye ènìyàn tó ń gbé inú rẹ̀, a ó sì fi ojú ọjọ́ ìlú náà fún gbogbo wákàtí 8,760 tó wà nínú ọdún kan sí i. Ètò náà yóò wá ṣírò bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe máa gbóná tó. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí àwọn tó ní in pàápàá sì ń retí iná, fèrèsé ló ń ṣe iṣẹ́ ìtura. Ẹni tó bá ṣi àṣẹ fèrèsé kọ ti ṣi gbogbo èsì yòókù ṣírò.

Àwọn ètò tí wọ́n ń lò

EnergyPlus ni a máa ń gbọ́ jù. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára ló gbé e jáde ní 2001, ọ̀fẹ́ sì ni. Ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra, nítorí náà ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé ń gba inú DesignBuilder lò ó. ESP-r wá láti Yunifásítì Strathclyde ní Glasgow. IES VE àti TAS jẹ́ ti títà. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn àpótí ìkọ̀wé inú wọn yàtọ̀ síra, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ka afẹ́fẹ́

Ọ̀nà tó rọrùn ni kí olùlò fúnra rẹ̀ sọ iye: pé nígbàkúùgbà tí fèrèsé bá ṣí, afẹ́fẹ́ yàrá yóò pààrọ̀ nígbà márùn-ún láàárín wákàtí kan. Kò gba àkókò, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ márùn-ún, márùn-ún náà ni yóò rí, ì báà jẹ́ pé ògiri aládùúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan fèrèsé ọ̀hún.

Ọ̀nà kejì ń ṣírò afẹ́fẹ́ láti inú bí atẹ́gùn ṣe ń ti ògiri àti bí ooru inú ṣe yàtọ̀ sí ti ìta. Ó ń wo bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó, ó sì ń fi nọ́ńbà kan tó máa ń wà ní nǹkan bí 0.6 dín in kù, nítorí afẹ́fẹ́ a máa fún ara rẹ̀ pọ̀ bó ṣe ń gba ojú ihò kọjá. Ká mú fèrèsé sláìdì tó jẹ́ mítà 1.2 níbùú, mítà 1.2 lóròó. Dígí kan ń wọ́ lọ sẹ́yìn èkejì, nítorí náà ìdajì ló ń ṣí: 0.72 nínú 1.44 mítà onígun mẹ́rin. Bí agbára ìtì láàárín ìta àti inú bá yàtọ̀ ní páskáàlì 1 péré (páskáàlì ni ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára ìtì), afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lé ní ìdajì mítà kúbíkì, èyí tó tó láti pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá mítà 3.6 sí 3.6, tí àjà rẹ̀ ga ní mítà 3, láàárín ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Ìyẹn tó bá rí ibi tí yóò gbà jáde.

Ẹni tó bá wọn férémù, tó sì kọ 1.44, ti fún onílé ní atẹ́gùn ìlọ́po méjì tí kò sí níbì kankan. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tún ń gé nínú ìyókù. Fèrèsé lúfà àtijọ́, tí dígí rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, ń ṣí ju sláìdì lọ dáadáa, àmọ́ òun gan-an ni àwọn onílé ń yọ dànù báyìí.

Àṣẹ tó ń wo ìwọ̀n ooru

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Nínú EnergyPlus, bí olùlò bá yan ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Temperature, fèrèsé kò ní ṣí àfi tí nǹkan mẹ́ta bá pé: kí inú yàrá gbóná ju ààlà tí olùlò kọ, kí inú yàrá tún gbóná ju ìta, kí àtẹ àkókò sì gbà á láyè.

Ní ìlú olótùútù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́gbọ́n mu. Gbé e wá sí Abẹ́òkúta, kí o wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí ààlà bá jẹ́ dígíríì 24, inú yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jù ú lọ tọ̀sán-tòru, nítorí náà àmì àkọ́kọ́ kò ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Gbogbo ìpinnu wá bọ́ sọ́wọ́ àmì kejì. Ní aago méjì ọ̀sán oṣù kẹta, ilé amọ̀ tàbí ilé olókùúta tí ògiri rẹ̀ nípọn lè tutù ju ìta lọ, ètò náà yóò sì ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa kí ooru má bàa wọlé. Lágbo ilé Aké ní aago kan náà, ńṣe ni fèrèsé ṣí gbayawu, tí àwọn ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe tẹmọ́mítà ni wọ́n ń wò. Atẹ́gùn tí yóò gbẹ òógùn ara ni wọ́n ń wá. Nígbà tó bá di òru, tí ìta tutù, ètò náà yóò ṣí ohun gbogbo sílẹ̀, ní wákàtí tí onílé ti ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti olè. Láìsí àtúnṣe, àṣẹ yìí ń ṣe òdìkejì ohun tí ará ìlú ń ṣe.

Ọgbọ́n wà nínú ohun tí ètò náà ṣe, ká sọ tòótọ́: ilé amọ̀ tí wọ́n tì lọ́sàn-án tí wọ́n ṣí lóru yóò tutù jù. Ṣùgbọ́n ilé tí a fẹ́ mọ ooru rẹ̀ ni ilé tí ènìyàn ń gbé.

Ọ̀nà kan tún wà tó ń tẹ̀lé ASHRAE 55, ìlànà ìtura inú ilé tí ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà kan ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, fún ilé tí kò lo amúlétutù. Ó mú àròpín ìwọ̀n ooru ìta ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 0.31, ó sì fi 17.8 kún un. Bí àròpín náà bá jẹ́ 29, ìtura bọ́ sí nǹkan bí 26.8, ẹni tó bá fi 3.5 lé e yóò rí i pé títí dé nǹkan bí 30.3 ni wọ́n retí pé ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò ṣì lè fara dà á. Nínú EnergyPlus, ọ̀nà yìí kì í béèrè bóyá ìta tutù ju inú lọ, nítorí náà fèrèsé rẹ̀ ń wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án, èyí tó súnmọ́ ìṣe ará Abẹ́òkúta ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àtẹ àkókò

Níhìn-ín ni iṣẹ́ gidi wà. Àtẹ àkókò ń sọ fún ètò náà wákàtí tí fèrèsé láǹfààní láti ṣí, ohunkóhun tí ìwọ̀n ooru ìbáà wí. Fún yàrá kan nínú ilé tó wà nísàlẹ̀ Olúmọ, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín wọn já, a lè kọ ọ́ báyìí: fèrèsé ṣí láti aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí wọ́n ti gbálẹ̀ tán; tí kò bá ní nẹ́ẹ̀tì, kí ó tì ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ̀fọn bá dé; tó bá ní nẹ́ẹ̀tì, kí ó dúró di aago mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn náà kí ó ku ìdá kan nínú márùn-ún títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Fún ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá dé oṣù kejì, àtẹ mìíràn ló yẹ, nítorí eruku a máa mú kí onílé ti fèrèsé lọ́sàn-án gangan.

Ilẹ̀kùn yàrá nílò àtẹ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Lọ́sàn-án, ilẹ̀kùn ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́tìnnì nìkan ló bò ó, afẹ́fẹ́ ń gba fèrèsé wọ yàrá kan, ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń gba fèrèsé òdìkejì jáde. Lóru tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, fèrèsé kan ṣoṣo ni yóò máa mí fún yàrá náà, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yóò sì já wálẹ̀ gan-an.

Òjò àti èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í tẹ̀lé aago. Fún ti òjò, EnergyPlus ní àyè kan tó ń jẹ́ EMS, níbi tí olùlò ti lè kọ àṣẹ tirẹ̀, tó sì lè béèrè bóyá fáìlì ojú ọjọ́ sọ pé òjò ń rọ̀. Èéfín kò sí nínú fáìlì kankan. Àfi kí a fojú díwọ̀n wákàtí tí iná máa ń lọ.

Àwọn olùwádìí tún ti gbé irú àṣẹ mìíràn kalẹ̀, tó ń ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ènìyàn yóò ṣí fèrèsé. Ti Haldi àti Robinson, tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, wá láti ọ́fíìsì ní Lausanne ní Switzerland. Kò tọ́ kí a gbé nọ́ńbà rẹ̀ wá síbí láìyí i padà: àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyẹn ń ti fèrèsé nítorí òtútù.

Àyẹ̀wò

Atẹ́gùn inú fáìlì ojú ọjọ́ ni èyí tí wọ́n wọ̀n ní mítà 10 sókè ní pápá gbalasa. Láàárín páànù tó fara kanra nísàlẹ̀ àpáta, ó dín kù púpọ̀, nítorí náà kí olùlò yan irú agbègbè tó bá a mu, kì í ṣe ti ìgbèríko.

Bí fèrèsé bá ń ṣí tó sì ń tì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, a lè sọ iye àkókò tó kéré jù tí ó gbọ́dọ̀ fi wà ní ṣíṣí tàbí ní títì. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ ìdá ìṣísílẹ̀ fèrèsé jáde, láti 0 dé 1, fún ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta àti ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, kí a sì kà á ní wákàtí-wákàtí. Bí fèrèsé yàrá ìsàlẹ̀ tí kò ní bọ́gílárì bá wà ní 1 ní aago méjì òru, ẹ padà sídìí àtẹ àkókò.