Ìwọ̀ olórí-òjé: bí àwọ̀ mẹ́ta ṣe ń gbé orí kan láìdàpọ̀

Ní àgbègbè àwọn adágún Minnesota àti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ apẹja ló ń dá ìwọ̀ olórí-òjé ṣe nílé wọn. Jig ni wọ́n ń pè é: ìwọ̀ ni, tí wọ́n da òjé mọ́ lọ́rùn. Òjé náà ló ń fà á lọ sísàlẹ̀ omi, àwọ̀ tí wọ́n fi kùn ún ló sì ń fa ojú ẹja mọ́ra. Yíyọ́ òjé àti dídà á sínú mọ́ọ̀dù kò gba àlàyé púpọ̀. Kí omi má kan òjé tó ti yọ́, torí oru omi á tú u ká sára ẹni tó dúró tì í. Kí fèrèsé ṣí sílẹ̀. Kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí orí òjé bá ti tutù, tí wọ́n ti gé ìdọ̀tí etí rẹ̀ dànù, tí kò sì sí ọ̀rá ọwọ́ lára rẹ̀ mọ́.

Ọ̀dà tí wọ́n ń lò kì í ṣe olómi. Ìyẹ̀fun ni. Kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí tínà, nítorí náà kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó máa gbẹ. Polyester tàbí epoxy, èròjà tó dà bí ike, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ́ èyí pọ̀ mọ́ èròjà àwọ̀ àti èròjà tó ń mú ọ̀dà le, wọ́n á jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ tutù di pẹlẹbẹ líle, wọ́n á wá lọ̀ ọ́ kúnná. Nítorí bẹ́ẹ̀, hóró kọ̀ọ̀kan ti gbé àwọ̀ tirẹ̀ àti ohun tó máa mú un le pa mọ́ sínú ara rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí kò ti ibẹ̀ wá.

Lára ilẹ̀kùn irin àti irin àárín táyà ọkọ̀, ìbọn kan tó ń fi iná mànàmáná sára ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà yìí, iná yẹn ló sì ń mú kó lẹ̀. Lórí ìwọ̀ kékeré, ooru inú òjé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á fi ẹ̀mú di ìwọ̀ mú níbi tó ti tẹ̀, wọ́n á gbé orí òjé sẹ́bàá iná àbẹ́là tàbí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná, wọ́n á máa yí i kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbóná dọ́gba, wọ́n á sì fà á gba inú ìyẹ̀fun kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wéré. Bí ooru bá tó, ìyẹ̀fun tó lẹ̀ á kọ́kọ́ rí ṣákiṣàki. Kí ènìyàn tó mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ á ti tẹ́, á máa dán. Bí òjé bá tutù jù, ìyẹ̀fun á kàn bà lé e ni, á sì gbọ̀n dànù. Bí ó bá gbóná jù, á kó ìyẹ̀fun rẹpẹtẹ mọ́ra, á di kókó, kókó náà á sì wọ́ sísàlẹ̀ nígbà tó bá dé inú ààrò.

Àwọn tí kókó yìí bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń sọ pé ọ̀dà náà ni kò dára. Ooru ni wọn kò wọ̀n dáadáa. Òjé kì í gba ooru púpọ̀ sínú. Orí ìwọ̀ tó wọn gíráàmù 3.5, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ounce, bí wọ́n bá mú un láti ooru inú yàrá dé 160 °C, gbogbo ooru tó gbà kò ju nǹkan bí joule 60 lọ (joule ni wọ́n fi ń wọn ooru). Bí a bá da ooru kan náà sínú omi tó wọn gíráàmù 3.5, omi náà kò ní gbóná ju nǹkan bí dígírì 4 lọ. Ohun tí ẹni tó fẹ́ kun àwọ̀ mẹ́ta ní lọ́wọ́ láti ná kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó sì ṣe gbé orí náà kúrò lẹ́bàá iná ni owó náà ti ń jò nínú àpò.

Ìyẹ̀fun tó ti jókòó pẹ́ nínú ìgò máa ń ki, òjé tó bá wọ inú rẹ̀ á sì jáde pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ kan tó nípọn ju èkejì lọ. Àwọn kan ń gbọn ìgò kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa fi bébà asẹ́ dí ìdí ike kan, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí omi ẹja inú ilé fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ìdí náà wọlé. Ìyẹ̀fun á gbéra nílẹ̀, á wú, á máa mì bí omi. Ìwọ̀ á wọ inú rẹ̀ láìsí ìdènà, ọ̀dà á sì tẹ́ lé e lórí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ará Jámánì kan, Erwin Gemmer, ló gba ẹ̀tọ́ ọgbọ́n yìí láàárín ọdún 1950 sí 1960, ohun tó sì ṣe nígbà náà ni pé ó ń ri irin gbígbóná bọ inú ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ ti gbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn oníná mànàmáná tó gbòde. Nítorí náà, ẹni tó ń ri ìwọ̀ bọ inú ike nínú gáréèjì rẹ̀ kò fi iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ṣeré. Ọ̀nà àkọ́kọ́ gan-an ló ń tọ̀.

Ní ti àwọ̀ púpọ̀, ìmọ̀ ọ̀dà olómi a máa ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá po ọ̀dà olómi pupa mọ́ ti ìyeyè á rí àwọ̀ ọsàn. Ẹni tó bá po ìyẹ̀fun pupa mọ́ ìyẹ̀fun ìyeyè, tó sì yọ́ ọ, á rí tó-tò-tó: ẹ̀kán pupa, ẹ̀kán ìyeyè, ẹ̀kán pupa. Hóró pupa yọ́ gẹ́gẹ́ bíi pupa, hóró ìyeyè yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dà tó yọ́ náà sì ki débi pé èròjà àwọ̀ kò lè lúwẹ̀ẹ́ kúrò níbi tó wà. Àléébù ni èyí lójú ẹni tó fẹ́ dá àwọ̀ tirẹ̀ pò. Lójú ẹni tó fẹ́ kí àwọ̀ mẹ́ta gbé orí kan, kò sí ẹ̀bùn tó jù ú lọ, torí ohun kan náà tí kò jẹ́ kí àwọ̀ pò ni kò jẹ́ kí ààlà wọn bàjẹ́ nínú ààrò.

Ẹ jẹ́ ká wo orí kan tí ikùn rẹ̀ funfun, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ chartreuse, àwọ̀ ewé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìyeyè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ọsàn. Funfun ló kọ́kọ́ ń bo gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ikùn nìkan. Òjé dúdú rúsúrúsú, àwọn àwọ̀ tó ń tàn yanran sì máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú wọn kọjá. Bí kò bá sí funfun lábẹ́ wọn, ìmọ́lẹ̀ yẹn á lọ kú sára òjé, chartreuse á sì dà bí ẹrẹ̀. Bákan náà ni ti ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn. Lẹ́yìn tí funfun bá ti dán, wọn kì í ri orí náà bọ ìyẹ̀fun kejì. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni wọ́n ń tì bọ inú chartreuse, wọ́n á gbé e sókè ẹ̀gbẹ́ orí náà láìjẹ́ kó kàn án, wọ́n á sì fi èékánná ta ìdí búrọ́ọ̀ṣì náà pẹ́ẹ́. Ìyẹ̀fun á rọ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì yọ́ níbi tó bà sí. Wọ́n á yí orí náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n á tún ta á. Bí ìyẹ̀fun bá ti ń bà láìyọ́, ooru ti tán nìyẹn. Wọ́n á dá a padà sẹ́bàá iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí àwọ̀ ọsàn tó bọ́ sí ẹ̀yìn.

Ààlà tí búrọ́ọ̀ṣì bá fi sílẹ̀ máa ń rọ̀, torí hóró ń dín kù bí ó ṣe ń jìnnà sí àárín. Ẹni tó bá fẹ́ ààlà gígún, kó ri imú orí nìkan bọ inú ìyẹ̀fun tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú rẹ̀, kó sì fà á jáde ní tààrà. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ló ń ṣáájú, èyí tó ṣú ló ń tẹ̀ lé e. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́lẹ́: ọ̀dà kì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa, nítorí náà bí funfun bá ti nípọn jù, ooru òjé kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ àwọ̀ kẹta. Kí wọ́n tó gbé e lọ sínú ààrò, wọ́n á fi ẹnu ìwọ̀ àtijọ́ gún ihò tí wọ́n ń so okùn mọ́, torí lẹ́yìn ààrò, ọ̀dà inú ihò yẹn á ti le koko.

Yíyan chartreuse àti àwọ̀ ọsàn kì í ṣe fáàrí lásán. Oríṣi méjì ni sẹ́ẹ̀lì tí walleye, ẹja kan nínú àwọn adágún yẹn, fi ń mọ àwọ̀ nínú ojú rẹ̀: ọ̀kan ń gba àwọ̀ ewé jù, èkejì ń gba àwọ̀ ọsàn tó ń lọ sí pupa. Walleye ló sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kun ìwọ̀ lágbègbè yẹn.

Àṣìṣe kan wà tó ti ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́, òun sì ni kí wọ́n gbà pé ọ̀dà tó ti ń dán ti jinná. Rárá o. Ohun tó dán kàn yọ́ ni. Yíyọ́ àti jíjinná kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ọ̀lẹ̀ tó ti gbóná kì í ṣe ọ̀lẹ̀ tó ti di. Ẹni tó bá tètè tú ewé á rí ojú rẹ̀ tó ń dán, epo á ti hàn, ẹyin àti ẹja á wà níbi tí wọ́n gbé wọn sí, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ ṣì ń ṣàn. Ooru tó pẹ́ lára rẹ̀ ló ń mú ẹ̀wà lílọ̀ di. Tó bá sì ti di, ẹ sè é di ọ̀la, kò ní padà di ẹ̀wà lílọ̀ mọ́. Kò sí ìyá olọ́lẹ̀ tó ń ka àkókò láti ìgbà tó dáná. Láti ìgbà tí omi ti hó ni. Bí ewé bá sì kún ìkòkò, ó mọ̀ pé á pẹ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí wọ́n ń tà fún ìwọ̀ ń fẹ́ 177 °C fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ìgbà tí òjé fúnra rẹ̀ bá dé ìwọ̀n yẹn ni kíkà ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ààrò. Láàárín àkókò yẹn ni èròjà tó ń mú un le ń so àwọn mólékù ọ̀dà kọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá ti so kọ́ra, iná kò lè yọ́ ọ mọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó fi òwú tó ní acetone díẹ̀, omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, nu orí kan. Bí àwọ̀ bá wá sára òwú, kò jinná. Irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n òkúta àkọ́kọ́ tó bá kọ lù nísàlẹ̀ odò ló máa bó o. Ààrò kékeré inú ilé kì í sì í sọ òótọ́ nípa ooru rẹ̀. Kí tẹmómítà ọ̀tọ̀ wà nínú rẹ̀, torí tó bá gbóná kọjá ààlà, funfun á pọ́n bí ìwé àtijọ́. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ inú ààrò náà mọ́ láéláé.

Òjé ń yọ́ ní 327 °C, nítorí náà kò sí ewu pé orí ìwọ̀ á yọ́ nínú ààrò. Àwọn tó ti fi òjé sílẹ̀ lọ sí àdàpọ̀ irin méjì, bismuth àti tánńganran, ni ọ̀rọ̀ kàn. Àdàpọ̀ tí wọ́n sábà ń lò ń yọ́ ní 138 °C. Ẹni tó bá gbé e sínú ààrò oní 177 °C á padà wá bá ìwọ̀ lásán tó ń rọ̀ lórí wáyà, òjò irin á sì ti rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń sá kúrò lára òjé kì í ṣe àṣejù. Loon, ẹyẹ omi tó ń gbé lórí àwọn adágún àríwá yẹn, máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Ó ń gbé ìwọ̀ tó já mọ́ wọn, tàbí kó gbé ẹja tí ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Àwọn kan gbà pé ọ̀dà ti bo májèlé òjé mọ́lẹ̀. Kò bò ó. Iwe tó ń lọ òkúta á ha ọ̀dà kúrò, oje ikùn á máa jẹ òjé, ìwọ̀ olórí-òjé kan ṣoṣo sì tó pa ẹyẹ náà. Òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2012 mọ èyí: òjé tí kò tó ounce kan jẹ́ èèwọ̀ nínú omi tí kò níyọ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kùn ún lọ́dà. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ti fòfin de tiwọn náà láti ọdún 2016. Ọ̀dà yìí dára púpọ̀; irin tí wọ́n ń fi í bò ni kò yẹ kó wà nínú omi mọ́.

Tánńganran lásán ń yọ́ ní 232 °C, nítorí náà ó ń fara da ààrò náà, kìkì pé kí ooru má kọjá ààlà. Ó fúyẹ́ ju òjé lọ, mọ́ọ̀dù kan náà á sì fúnni ní orí tí ìwọ̀n rẹ̀ dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gíráàmù kan rẹ̀ ń gba ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òjé. Bí orí méjì bá wúwo bákan náà, èyí tó jẹ́ tánńganran ló ń gbé ooru tó pọ̀ jù lọ dé ọ̀dọ̀ àwọ̀ kẹta.