Lakshmi Mittal

Lakshmi Niwas Mittal, tí a bí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 1950, jẹ́ oníṣòwò irin ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1995. Òun ni alága ArcelorMittal, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ irin tó tóbi jù lọ láyé, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Luxembourg. Ọ̀pọ̀ olówó Íńdíà ni wọ́n kọ́kọ́ rí ṣe nílé kí wọ́n tó jáde. Ti Mittal kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè òkun ló ti kó ọrọ̀ rẹ̀ jọ, ó sì ti lò ju ogójì ọdún lọ nídìí iṣẹ́ irin nílẹ̀ òkèèrè kí ó tó ní ilé-iṣẹ́ irin ńlá ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ìgbà èwe

Sadulpur ni wọ́n bí i sí, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Rajasthan, nígbà tí iná mànàmáná kò tíì débẹ̀. Marwari ni àwọn òbí rẹ̀, àwọn ènìyàn tí a mọ̀ mọ́ òwò káàkiri Íńdíà. Ó ṣì kéré nígbà tí ìdílé wọn kó lọ sí Calcutta, níbi tí bàbá rẹ̀, Mohan Lal Mittal, ti ń ṣe òwò irin. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣòwò àti ìṣirò owó ní St. Xavier's College, ó sì fi ipò kìíní jáde. Bí a ṣe ń yọ́ irin àti bí a ṣe ń tà á, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ìrìn àjò sí Indonésíà

Ní Íńdíà àwọn ọdún 1970, ìjọba ló ń yan ẹni tó lè ṣe irin líle, òun náà ló sì ń sọ iye tí onítọ̀hún lè ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, àṣẹ ọ̀hún kì í sì í rọrùn láti rí gbà. Ní 1976, Mittal, tó jẹ́ ẹni ọdún 26, lọ dá PT Ispat Indo sílẹ̀ ní Sidoarjo, lẹ́bàá Surabaya ní erékùṣù Java. Bàbá rẹ̀ ti ní ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti ń gbèrò láti tà á. Ọmọ ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbìyànjú ibẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó yè.

Ríra ilé-iṣẹ́ tó ti sú ìjọba

Ohun tí ayé fi mọ Mittal jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ìjọba Trinidad àti Tobago ti fi owó epo rọ̀bì kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ńlá kan sí Point Lisas, àmọ́ gbèsè ni ó ń bí fún wọn. Mittal gbà á yá lọ́wọ́ wọn, ó tún un tò, nígbà tó sì di 1994 ó rà á pátápátá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà ṣe irin líle. Èkínní ni kí wọ́n kó òkúta irin àti èédú sínú iléru gàgàrà tí iná rẹ̀ kì í kú tọ̀sán-tòru, owó gọbọi sì ni kíkọ́ rẹ̀ ń gbà. Èkejì ni kí wọ́n fi iná mànàmáná yọ́ àlòkù irin, bíi ti ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta àlòkù kì í dúró sójú kan. Mittal gbá ọ̀nà kẹta mú. Gáàsì ni wọ́n fi ń yọ ọ́ksíjìn kúrò lára òkúta irin, wọn yóò wá kó ohun tó kù sínú iléru oníná ní ipò àlòkù. Kì í ṣe òun ló dá ọgbọ́n náà, ṣùgbọ́n ó rí i ṣáájú ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ pé ibi tí gáàsì bá ti pọ̀ tí kò sì wọ́n, èrè wà níbẹ̀. Trinidad ní gáàsì dáadáa.

Ó tún ọgbọ́n kan náà lò ní Mẹ́síkò ní 1992, nígbà tó fi mílíọ̀nù 220 dọ́là ra ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Lázaro Cárdenas, ìyẹn ìdá kékeré nínú ohun tí ìjọba ná kọ́ ọ. Kánádà àti Jámánì tẹ̀ lé e. Ní 1995 ó wọ Temirtau ní Kàsàkstán, níbi tí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Kò ra ilé-iṣẹ́ irin náà nìkan. Ó ra àwọn ibi ìwakùsà èédú àti ilé-iṣẹ́ iná tó ń bọ́ ọ pẹ̀lú. Ṣáínà tó ń kọ́lé kọ́nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ di oníbàárà ńlá. Lẹ́yìn náà ló ra ti Románíà, Àlgéríà, Pólàńdì, Gúúsù Áfríkà àti Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá 2005, ìjọba Ukréìn ta ilé-iṣẹ́ irin Kryvorizhstal ní gbànjo, Mittal sì fi bílíọ̀nù 4.8 dọ́là gbà á mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́.

Ìjà Arcelor

Arcelor ni ìgbéraga àwọn onírin Yúróòpù, tí wọ́n fi ilé-iṣẹ́ Faransé, Luxembourg àti Spéìn pọ̀ dá sílẹ̀ ní 2002. Ní oṣù kìíní 2006, Mittal kéde pé òun fẹ́ rà á ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 18.6 yúrò. Ariwo sọ. Ìjọba Faransé àti ti Luxembourg kọ̀ ọ́. Guy Dollé, tó jẹ́ ọ̀gá Arcelor, fi irin tiwọn wé lọ́fínńdà olówó ńlá, ó sì fi ti Mittal wé èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sá lọ bá Severstal, ilé-iṣẹ́ irin ti Rọ́ṣíà, pé kí ó wá gbà wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá owó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Íńdíà rí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tanú, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì sọ ọ́ síta. Àwọn tó ní ìpín nínú Arcelor ló yanjú ẹ̀ nígbẹ̀yìn. Mittal gbé owó náà sókè sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 27 yúrò, wọ́n sì gbà ní oṣù kẹfà. Ilé-iṣẹ́ tuntun náà ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 300,000, ó sì ń ṣe bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo irin líle ayé.

Ẹ̀mí tó ṣòfò

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fo Kàsàkstán. Òṣìṣẹ́ 41 ló kú ní ibi ìwakùsà Lenin ní 2006, 30 kú ní Abai ní 2008. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2023, iná àti ìbúgbàù pa ènìyàn 46 ní ibi ìwakùsà Kostenko. Ìgbà náà ni iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà parí ní orílẹ̀-èdè ọ̀hún, tí ìjọba gba gbogbo rẹ̀ padà kí ọdún tó tán. Ní Faransé, pípa tí wọ́n pa iléru méjì ní Florange fa ìjà ńlá láàárín Mittal àti ìjọba ní 2012. Point Lisas tó ti gbé e dìde pàápàá, wọ́n tì í ní 2016, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́.

Ìpadàbọ̀ sí Íńdíà

Ní 2019, ArcelorMittal àti Nippon Steel ti Japan jọ ra Essar Steel, tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn, tó ní ilé-iṣẹ́ ńlá ní Hazira ní ìpínlẹ̀ Gujarat. Ní oṣù kejì 2021, Mittal fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, Aditya, òun fúnra rẹ̀ sì dúró gẹ́gẹ́ bí alága. Íńdíà fi oyè Padma Vibhushan dá a lọ́lá ní 2008. Ní ọdún náà gan-an ni Abhinav Bindra, ọ̀kan nínú àwọn eléré tí àjọ Mittal ràn lọ́wọ́, gba wúrà nídìí ìbọn yínyìn ní Òlíḿpíìkì Beijing, èyí tó jẹ́ wúrà àkọ́kọ́ tí ọmọ Íńdíà kan dá nìkan gbà.

Ìwọ̀-oòrùn Áfríkà

Ní Làìbéríà, ilé-iṣẹ́ Mittal bá ìjọba fìdíhẹ tọwọ́ bọ̀wé lórí òkúta irin Nimba ní 2005. Nígbà tí Ellen Johnson Sirleaf gorí àlééfà, ó ní kí wọ́n tún ìwé náà jókòó lé, wọ́n sì fi àdéhùn tó sàn fún Làìbéríà rọ́pò rẹ̀ ní 2006. Òkúta irin àkọ́kọ́ jáde láti èbúté Buchanan ní 2011.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so orúkọ rẹ̀ mọ́ Àjàòkúta, èyí kò sì tọ́. Pramod Mittal, àbúrò rẹ̀, ló ni ilé-iṣẹ́ tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé Àjàòkúta fún ní 2004. Lakshmi àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti pín òwò láti àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tó kó ti òkè òkun, tí bàbá àti àwọn àbúrò kó ti Íńdíà. Ìjọba Yar'Adua fagi lé àdéhùn Àjàòkúta náà ní 2008, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ní 2022 ni Nàìjíríà kéde pé àwọn ti gbà láti san mílíọ̀nù 496 dọ́là láti fi parí rẹ̀.