Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ẹni Tí Yóò Ran Àgbà Tójú Ń Ṣú Lọ́wọ́

Ká fi ìyá àádọ́rin ọdún kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ní ìṣọ̀ gàrí l'Ọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí oníbàárà bá dúró síwájú wọn gan-an, ìyá á rí i, wọ́n á ka owó láì ṣì í. Bí ẹlòmíì bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ, tó ní "Ẹ kú ọjà, mà," ìyá lè má bojú wẹ̀yìn rárá, àwọn èèyàn á sì ní owó ló ń gun màmá. Bí wọ́n bá sì dìde, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá kóńgò dànù. Bí àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ṣe sábà máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ, á fi àárín sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, kò sì ní dunni títí yóò fi jẹ jìnnà.

Dókítà á sọ pé èyí tó ti lọ ti lọ, á fún ìyá ní oògùn tí wọn yóò máa kán sójú kí èyí tó kù má baà lọ. Iṣẹ́ dókítà parí síbẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ ìyá bí wọn yóò ṣe máa ta gàrí wọn lọ?

Iṣẹ́ wà fún ìyẹn, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Ní Amẹ́ríkà, Ogun Àgbáyé Kejì ló bí i. Àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú pọ̀ débi pé Richard Hoover, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn ní ilé-ìwòsàn ológun Valley Forge ní Pennsylvania, ṣètò bí èèyàn ṣe lè fi ọ̀pá gígùn rìn láìsí ẹni tó ń fà á. Ní 1960, Boston College gbé e wọ yunifásítì. Lónìí, iṣẹ́ náà ti pín sí ẹ̀ka, lára wọn ni: ẹni tó ń kọ́ni ní ìrìn, ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ilé àti kíkà, àti ẹni tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ìwọ̀nba ìríran tó ṣẹ́ kù.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé wọ́n tún ń fi ẹ̀kọ́ nípa ọjọ́ ogbó àti ìpìlẹ̀ òwò kún un. Kí ló kan ojú kan èrè? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tójú wọn ń ṣú, débi pé ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ya owó ètò kan sọ́tọ̀ fún ẹni ọdún 55 sókè. Òfin kan sì tún wà, Randolph-Sheppard, ti 1936, tó fún àwọn tí kò ríran ní ipò àkọ́kọ́ láti máa ta nǹkan nínú ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí yóò tọ́ ọlọ́jà sọ́nà láìmọ nǹkan kan nípa ọjà, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Nàìjíríà náà kò yàtọ̀ ní ti ọjọ́ orí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ti pé ogójì ọdún, bíi mẹ́rin ni kò ríran. Funfun tó ń bo ẹyinjú, tí iṣẹ́ abẹ lè mú kúrò, ló fa ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ni kó bi ara rẹ̀ bóyá ilé-ìwòsàn ló yẹ kó darí ẹni náà sí. Kò sí ọgbọ́n nínú kí á máa fi ọ̀pá kọ́ ẹni tí iṣẹ́ abẹ kékeré lè là lójú.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Wọ́n ń ní ojú ẹnì kan jẹ́ 3/60. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá rí láti mítà 60, ẹni yìí gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 3 kó tó rí i. Bí ojú tó sàn jù nínú méjèèjì kò bá tó 3/60, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ka onítọ̀hún sí ẹni tí kò ríran. Síbẹ̀, ó lè ṣì máa rí ìmọ́lẹ̀, kó rí òjìji, kó mọ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní afọ́jú kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì máa ń ba nǹkan jẹ́: tí wọ́n bá ti pe èèyàn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò wádìí ohun tó ṣẹ́ kù.

Ohun tó ṣẹ́ kù yìí sì ni iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ojú ẹni ọgọ́ta ọdún kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ojú ẹni ogún ọdún, nítorí náà gílóòbù tó tó ọmọ kò tó ìyá. Àwọ̀ náà ṣe kókó. Gàrí Ìjẹ̀bú funfun. Bí ó bá wà nínú abọ́ funfun, ojú tó ń ṣú kò ní mọ ibi tí gàrí parí sí. Ẹ gbé e sínú abọ́ dúdú, etí rẹ̀ á yọ. Abọ́ dúdú kò wọ́n tó awò ojú.

Ní ti ìrìn, wọ́n á di akẹ́kọ̀ọ́ lójú, wọ́n á fún un ní ọ̀pá tó ga dé àárín àyà rẹ̀. Á máa fì í sọ́tùn-ún sósì, kó fẹ̀ ju èjìká rẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ń lọ síwájú, ọ̀tún ni ọ̀pá ń fọwọ́ bà, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó kàn yóò tẹ̀. Ní ìlú tí gọ́tà rẹ̀ kò ní ìdérí, ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí ọ̀pá fi ṣáájú yìí ló lè dá ẹsẹ̀ dúró létí rẹ̀. Ẹni tó ń mú àgbà rìn náà kò gbọ́dọ̀ dì wọ́n lọ́wọ́ mú kó máa wọ́ wọn lọ. Ó yẹ kó fún wọn ní apá, kí wọ́n dì í mú lókè ìgúnpá, kí wọ́n wà lẹ́yìn ní ìdajì ìgbésẹ̀. Bí ara olùmúni bá ti sọ̀ kalẹ̀, àgbà ti mọ̀ pé àtẹ̀gùn dé.

Nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ ogbó, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀. Bí ojú bá ń lọ, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán fúnra rẹ̀: ọmọdé tó wọ aṣọ aláràbarà, òdòdó lára ògiri, èrò tó ń kọjá nínú yàrá. Charles Bonnet, ará Switzerland, kọ nípa rẹ̀ ní 1760 lẹ́yìn tí bàbá àgbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí irú rẹ̀. Orí àgbà náà pé pérépéré. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ìyá tó bá sọ pé òun ń rí ọmọ tí kò sí nílé mọ ohun tí wọn yóò pe òun, nítorí náà wọ́n á dákẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí yóò ṣe béèrè láìdẹ́rù bà wọ́n: "Mà, àwọn àgbà kan tójú ń ṣú máa ń rí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ṣé ó ti ṣe yín rí?"

Ẹ̀kọ́ òwò ló kù. Náírà 100, 200, 500 àti 1,000 gùn dọ́gba, wọ́n sì fẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Láti ìparí 2022 tí 200, 500 àti 1,000 ti gba àwọ̀ tuntun, ẹni tó ń fi àwọ̀ mọ owó tún wọ ìdààmú. Ọgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ni ni kíká: 1,000 wà ní títẹ́, 500 di ẹ̀ká kan ní ìbú, 200 di ẹ̀ká kan ní òró, 100 ní àpò tirẹ̀. Oníbàárà á sọ iye tó mú wá, a ó ká a lójú ẹsẹ̀, kó tó wọ àpò. Fóònù lè ka àlẹ́ẹ̀tì báǹkì sókè, ṣùgbọ́n kí íápíìsì wà létí. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló fẹ́ kí gbogbo ọjà gbọ́ iye tó wà lákáǹtì òun?

Ìṣirò náà kò gbẹ́yìn. Bí ìyá bá gba ọmọ tí yóò máa wọn gàrí, owó ọmọ náà ti wọ iye kóńgò, èrè sì lè tán síbẹ̀. Ó lè sàn kí wọ́n wọn ọ́n sínú ọ̀rá nílé, kí ó dé ọjà ní dídì.

Ẹni tó bá fẹ́ ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ìrìn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ṣe ó kéré tán wákàtí 350 lábẹ́ ọ̀gá. Nílé níbí, ẹ̀kọ́ náà tú ká: ìṣègùn wà ní Ṣàgámù lábẹ́ Yunifásítì Olabisi Onabanjo àti ní Babcock ní Ìlíṣàn, ìkọ́ni wà ní Tai Solarin ní Ìjagun, ẹ̀kọ́ àkànṣe fún àwọn aláàbọ̀ ara wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo kó wọn jọ, ìyẹn ló sì yẹ kí àwọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jókòó lé lórí.

Ohun tí ẹni tó kó wọn jọ yóò ṣe fún ìyá oníṣọ̀ Òkè-Ajé lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Á yí àga wọn padà kí ẹ̀yìn wọn kan ògiri, á to àpò gàrí sí ọ̀tún àti òsì, á sì fi àlàfo kan ṣoṣo sílẹ̀ ní iwájú gan-an. Oníbàárà kò ní ibòmíràn tí yóò gbà yọ.