Ìfà Méjì: Tírígà Ìbọn Ológun Àtijọ́

Ọdẹ kan ní Ìsánlú, tí ṣakabùlà ti mọ́ lọ́wọ́, bi mí léèrè ìdí tí tírígà Lee-Enfield, ìbọn ológun àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, fi ń "fà lásán" kó tó le. Ó rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ìbọn yìí náà ni àwọn ọmọ wa gbé lọ jagun ní Bọ́mà. (Òfin Nàìjíríà kò kà á mọ́ ṣakabùlà, ìbọn ológun ni.)

Irin bí abẹ́rẹ́ ló ń lu ìdí ọta. Sípíríńgì ń tì í síwájú, ìkọ́ kan ló sì dá a dúró. Ìkọ́ yẹn gbá abẹ́rẹ́ mú dáadáa, nítorí sójà á sáré, á ṣubú, ìbọn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dún. Kókó méjì ló wà lórí tírígà. Èkíní á fa ìkọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù fín-ín-fín kó yọ: ìfà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí èkejì bá kàn án, ìka á gbúròó líle. Ibẹ̀ ni ayìnbọn ti ń dúró fojú sun ohun tó fẹ́ yìn. Ìfà kejì tó kù kí ìbọn tó dún gba agbára tó bíi kílò 2.3 sí 3.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni igi. Ara irin tó yí ìka ká ni tírígà rọ̀ mọ́, igi ìbọn sì wà láàárín òun àti ara ìbọn níbi tí ìkọ́ wà. Òjò dé, igi wú. Ọyẹ́ dé, ó sún kì. Àlàfo yí padà, ìfà náà sì yí padà. Nígbà tó di 1949, àwọn òyìnbó gbé tírígà No. 4 Mk 2, irú Lee-Enfield tuntun kan nígbà náà, kọ́ sára ìbọn gan-an, kí igi má baà dá sí i mọ́.

Nítorí náà, bí ìfà bá yí padà, igi àti ìdè rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà gíríìsì tó ti gan mọ́ inú. Ká fi fáìlì ha ojú ìkọ́ kí ìfà lè rọ̀ ńkọ́? Mi ò fọwọ́ sí i. Ojú ìkọ́ ní èèpo líle tín-ín-rín. Bí fáìlì bá ti bó o, irin rírọ̀ abẹ́ rẹ̀ á máa jẹ, títí ọjọ́ tí ìbọn á dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn kí ìkọ́ gbá a mú, kí ẹ fi ìdí ìbọn gbá ilẹ̀. Bí ìkọ́ bá yọ, ẹ má fi ọta sí i.