Bí Kámẹ́rà Ṣe Ń Darí Afárá Ọkọ̀ àti Kíréènì Dé Ibi Tí Wọ́n Ń Lọ

Ọkọ̀ ojú omi kì í dúró sójú kan. Bí kọ̀ǹpútà àti ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń dì í mú síbì kan láàárín òkun, ìgbì á ṣì máa gbé e sókè, á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Òpó ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná, tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ bọ́ sí láti inú ọkọ̀, dúró gbagidi ní tirẹ̀. Iṣẹ́ afárá tí wọ́n máa gbà kọjá ni pé kí orí rẹ̀ kan òpó jẹ́jẹ́, kó sì dúró síbẹ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì ń jó lórí ọkọ̀.

Níbi púpọ̀, ènìyàn ló ń fi joystick (ọ̀pá ìdarí kékeré) darí rẹ̀. Ọwọ́ lè mọ iṣẹ́ náà dáadáa, àmọ́ ojú lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín mítà 9 àti mítà 10 lórí omi, pàápàá lálẹ́. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti wúlò.

Kì í ṣe kámẹ́rà ló ń gba afárá lọ́wọ́ ìgbì o. Ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní MRU ló ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń mì ní ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: síwá-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún-sósì, sókè-sílẹ̀, àti títẹ̀ tàbí yíyí ní ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn sílíńdà tó ń ti afárá á wá ṣe òdìkejì ohun tí ọkọ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ nìkan ni MRU mọ̀. Kò mọ ibi tí òpó wà. Ohun tí a ń wá lọ́dọ̀ kámẹ́rà ni èyí tó kù: báwo ni orí afárá ṣe jìnnà sí ibi ìfarakàn tó, apá wo ló wà, báwo ló sì ṣe dojú kọ ọ́?

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí a lẹ àmì mọ́ ibi tí a ń lọ. AprilTag, tí wọ́n gbé jáde ní Yunifásítì Michigan ní 2011, àti ArUco, tó ti Yunifásítì Córdoba ní Sípéènì wá, ni wọ́n wọ́pọ̀ jù. Àpótí dúdú àti funfun ni wọ́n, èyí tí ìtò inú rẹ̀ dúró fún nọ́ńbà kan, kí kọ̀ǹpútà má baà ṣi àmì kan mú fún òmíràn. Igun mẹ́rin àmì náà ni kọ̀ǹpútà ń wá. Nígbà tó ti mọ bí àmì ṣe fẹ̀ tó gan-an, ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sí lórí àwòrán ti tó fún un láti ṣírò ìjìnnà àti ìdojúkọ.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Lẹ́ǹsì mìlímítà 12 wà lórí kámẹ́rà tí pixel rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀, fẹ̀ ní máíkírómítà 3.45, èyí tó jẹ́ mìlímítà 0.00345. Pín 12 sí 0.00345, wàá rí nǹkan bíi 3,478. Iye pixel tí nǹkan tó fẹ̀ ní mítà 1 máa gbà lórí àwòrán nìyẹn, tó bá wà ní mítà 1 sí kámẹ́rà. Àmì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 á wá gba nǹkan bíi pixel 70 ní mítà 20, á sì gba 139 ní mítà 10. Tí kọ̀ǹpútà bá ṣi fífẹ̀ àmì wọ̀n pẹ̀lú pixel 1 péré ní mítà 20, ìjìnnà tó máa kà á yẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29. Ní mítà 10, á yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7. Àmọ́ àṣìṣe pixel kan náà sọ́tùn-ún tàbí sósì ní mítà 20 kò tó mìlímítà 6. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà kan ṣoṣo mọ apá tí nǹkan wà dáadáa ju bó ṣe mọ ìjìnnà rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń ṣètò afárá tí kò mọ èyí á kàn máa bínú sí kámẹ́rà ni. Tí a bá lẹ àmì púpọ̀, tí àwọn tó jìnnà síra jù wà ní mítà 2 síra wọn, àṣìṣe pixel 1 lórí mítà 2 yẹn á wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 ní mítà 20.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Àmì pẹlẹbẹ tí a ń wò lọ́kàn-ánkán láti ọ̀nà jíjìn lè ní ìtumọ̀ méjì: ó lè tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, ó sì lè tẹ̀ sí òsì díẹ̀, tí àwòrán méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Kọ̀ǹpútà á máa yan èyí nísinsìnyí, á yan ìkejì lẹ́yìn náà, orí afárá á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí àwọn àmì má ṣe wà lójú pẹpẹ kan ṣoṣo. Kí a fa ọ̀kan síwájú tàbí kí a dá a tẹ̀. Àmì kékeré tún gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ńlá, nítorí bí afárá bá ti sún mọ́ òpó tó sẹ̀ǹtímítà 60, àmì sẹ̀ǹtímítà 40 ti kọjá gíga àwòrán tó ní ìlà pixel 2,048.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, a ti gbọ́dọ̀ ṣàtúnṣe ìwọ̀n lẹ́ǹsì, nípa yíya àwòrán pátákó aláwọ̀ dúdú-funfun bíi ti chess láti igun oríṣiríṣi, nítorí gbogbo lẹ́ǹsì ló ń tẹ ìlà tó gún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó wọn ipò tí kámẹ́rà wà lórí apá afárá. Èyí ni wọ́n sábà máa ń fi ojú di. Tí kámẹ́rà bá yà ní ìdajì digírì sí ohun tí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́, nǹkan tó wà ní mítà 10 á yẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Bóòtù kan tó tú díẹ̀ lè fa èyí.

Ìdádúró ló tún le ju ríríran lọ. Kámẹ́rà á gba ìmọ́lẹ̀, wáyà á gbé àwòrán, kọ̀ǹpútà á ṣírò, fáfù hàìdírọ́líìkì, tó ń jẹ́ kí òróró ti sílíńdà, á ṣí. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 150. Ìgbì tó ń gbé ọkọ̀ sókè ní mítà 1, tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní mítà 1, ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín sẹ́kọ́ńdì 8, ń fún un ní eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 0.8 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan nígbà tó bá ń kọjá àárín. Kí afárá tó gbọ́ àṣẹ, ọkọ̀ ti lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aago àkókò gangan tí ojú kámẹ́rà ṣí sára àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ ohun tí MRU kà ní àkókò yẹn, kì í ṣe èyí tó kà nísinsìnyí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi Kalman filter, ìyẹn ìṣirò tó ń fi ohun tí a ti wọ̀n sọ ohun tó ń bọ̀, sọ ibi tí òpó máa wà nígbà tí fáfù bá ṣí. Àárín àwòrán kan sí ìkejì, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 30 sẹ́kọ́ńdì, MRU ló ń di àlàfo náà.

Ojú kámẹ́rà kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí. Tí ọkọ̀ bá ń yí ní digírì 5 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí ojú kámẹ́rà sì ṣí fún mílísẹ́kọ́ńdì 20, àwòrán á fà ní nǹkan bíi pixel 6. Mílísẹ́kọ́ńdì 2 á sọ ọ́ di ìdajì pixel ó lé díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á kù nígbà náà, nítorí náà wọ́n á fi fìtílà infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí) kún un lálẹ́. Kámẹ́rà tó ń ka àwòrán ní ìlà-ìlà kò dára fún iṣẹ́ yìí. Èyí tó ń gba gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà ni kí wọ́n lò.

Ní èbúté, ọ̀rọ̀ kíréènì kọntéénà yàtọ̀ díẹ̀. Ilẹ̀ kò mì níbẹ̀, ohun tó so rọ̀ ló ń mì. Spreader, ìyẹn férémù irin tó ń gbá kọntéénà mú, tó so mọ́ okùn mítà 20 á lọ á bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 9. Kámẹ́rà tó wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ òkè kíréènì ń wo fìtílà infrared tó wà lórí spreader, ó ń wọn bó ṣe ń mì, kí kẹ̀kẹ́ lè yára tàbí dẹ̀rìn láti pa ìmì náà. Àwọn kámẹ́rà ìsàlẹ̀ ń wá ihò igun kọntéénà, tí ISO, àjọ ìwọ̀n àgbáyé, fi sí mìlímítà 124 ní gígùn àti 63.5 ní ìbú. Twistlock, ìyẹn irin tó ń yí láti ti spreader mọ́ kọntéénà, gbọ́dọ̀ wọ ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó yí digírì 90. Tí spreader ẹsẹ̀ bàtà 40 bá wọ́ ní ìdajì digírì, igun rẹ̀ á yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sápá ibi tí ihò ti há, kò sì ní wọlé.

Iyọ̀ òkun tó gbẹ sórí dígí, òjò, kùrukùru àti oòrùn tó dojú kọ lẹ́ǹsì ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Èyí tó léwu jù ni ìdáhùn tó dà bí òótọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìdí èyí, kọ̀ǹpútà á ya àwọn igun tó ṣírò padà sórí àwòrán. Tí wọ́n bá jìnnà sí igun tó rí, á da ìṣirò náà nù. Á tún fi ohun tó rí wé ti MRU àti ti lidar, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ laser wọn ìjìnnà. Tí kò bá rí àmì fún àkókò tí wọ́n là sílẹ̀, afárá á dúró síbi tó wà tàbí kó sún padà, á sì gbé àṣẹ fún ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí orí afárá bá kan òpó, kámẹ́rà á kó ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Agbára tí a wọ̀n ló ń tì í mọ́ òpó báyìí, iná á di àwọ̀ ewé, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa kọjá. Tí sílíńdà kan bá ń sún mọ́ òpin ibi tó lè nà dé, ìkìlọ̀ á dún, iná á di pupa. Ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ló ń wò ó pé kò sí ẹsẹ̀ kankan lórí afárá kó tó fà á padà.