Ẹ Sọ Ọmọ Yẹn Kalẹ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, pàápàá ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sọ ọmọ yẹn kalẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ni wọ́n ṣì máa ń pọ̀n wá bá mi ní Abẹ́òkúta níbí láti Ọbáńtókó, láti Àdátán, láti ẹ̀yìn Láfẹ́nwá lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa mì dirodiro lẹ́yìn ìyá. Tí n bá ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kó rìn wá bá mi, ìyá á ní "Nọ́ọ̀sì, kò mà ríran." Mo mọ̀ pé kò ríran, ìyẹn ló ṣáà gbé yín wá. Ṣé ẹsẹ̀ náà ni kò ríran ni?

Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, mo sì tún lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ tí ojú ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, torí mo rí i pé tí dókítà bá ti sọ fún òbí pé ojú yìí ò ní là mọ́, ó parí nìyẹn, wọ́n á kó ìwé lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ, kò sẹ́ni tó máa sọ fún wọn bí wọ́n á ṣe gbé ọmọ ọ̀hún délé tí wọ́n á sì tọ́ ọ. Èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo sì mọ̀ ọ́n sọ, ẹ bi àwọn ìyá tó ti gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Mi ò ní máa ṣàlàyé bí ojú ṣe ń ríran fún yín, ìyẹn ti yé gbogbo èèyàn. Ìdí tí ọmọ tí ò ríran fi ń pẹ́ kó tó rákòrò ni mo fẹ́ kó yé yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń wọ́.

Ọmọ tó ríran, tó bá ti tó oṣù 4 sí 5, ó rí ṣíbí, ó nawọ́ sí i. Ó tún dàgbà díẹ̀, ó rí fóònù yín létí ẹní, ó fàyà wọ́ lọ síbẹ̀. Ohun tó ń rí ló ń pè é. Ọmọ tí ò ríran, ta ló ń pè é? Tí ṣíbí bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ṣíbí ò sí láyé mọ́ lójú tiẹ̀. Ẹ ó ní ṣebí ó ń gbọ́ràn, kí a máa mi ṣẹ́kẹ́rẹ́ fún un. Ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan tó ń dún lọ́hùn-ún yẹn, èèyàn lè nawọ́ mú un. Ọpọlọ ẹ̀ ò dà rú o, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò rọ, kò kàn rí ìdí tó fi máa kúrò lójú kan ni. Ẹ̀yin wá tún gbé e pọ̀n láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ wà?

Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ tẹ́ ẹní, kì í ṣe fóòmù tó ń rì. Láti kékeré ni kẹ́ ẹ ti máa da àyà ẹ̀ délẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́, nígbà tí kò bá sùn o. Á sunkún, ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ torí kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbórí sókè wò, torí náà ẹ̀yin náà ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé e lé àyà, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, á gbórí sókè wá ohùn yín. Ẹ kó nǹkan yí i ká, igbá, ṣíbí onígi, ọmọrí ìkòkò, kànìnkànìn tó ti gbẹ, kẹ́ ẹ sì rí i pé ibì kan náà ni igbá wà lójoojúmọ́, kó lè mọ̀ pé tóun bá nawọ́ sọ́tùn-ún òun á bá a ńbẹ̀. Ẹ má wá lọ ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé ọmọ jókòó sí kó máa fi ẹsẹ̀ tì kiri yẹn o, ọwọ́ ẹ̀ ò ní kan nǹkan kan níbẹ̀, á kàn máa yí kiri bí afẹ́fẹ́ ṣe fẹ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ̀rọ̀ ọwọ́ dáadáa, torí tí n bá kú tán ohun tí wọ́n á fi máa rántí mi ní Abẹ́òkúta nìyí. Ọwọ́ ọmọ yìí ni ojú ẹ̀. Ẹ yéé gbá a lọ́wọ́ mú kẹ́ ẹ máa fi tipátipá ki ọwọ́ ẹ̀ bọ inú nǹkan. Bí ìgbà téèyàn bá di yín lórí mú tó ń lọ́ ọ kiri pé "wo ibí, wo ọ̀hún" ló ṣe ń rí lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dìkúùkù tó ń ké. Ọwọ́ tiyín ni kó wà nísàlẹ̀, kí tiẹ̀ wà lókè. Ẹ ki ọwọ́ yín bọ gààrí, kí ọwọ́ ẹ̀ gun ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ máa ro ó jẹ́ẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ má sọ pé "fọwọ́ kàn án". Tó bá yá, ìka kan á yọ́ sọ̀kalẹ̀. Ìka kan péré ló kọ́kọ́ máa ń wá, á tọ́ ọ wò, á sá padà, á tún wá. Lọ́jọ́ kejì ìka méjì. Ẹni tí ò bá ní sùúrù fún ìka kan yẹn, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan wà ní Ìtòkú tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọmọ ẹ̀ obìnrin ò ríran látìgbà tó ti dáyé. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé kí wọ́n tó rẹ aṣọ sínú aró, láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ ya sára ẹ̀ á ti gbẹ, á yọ síta lára aṣọ. Mo ní kó jẹ́ kí ọmọ máa fìka tọ ilà yẹn lọ. Ìyá ọkọ ẹ̀ bínú, ó ní ọmọ á ha láfún dànù. Ó ha á dànù lóòótọ́, aṣọ bàjẹ́, wọ́n ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ yẹn tó pé ọdún 4, ó ti mọ ilà tó nà yàtọ̀ sí èyí tó ká, á fìka lé aṣọ, á ní "ti àná kọ́ rèé". Ọmọ tí ìka ẹ̀ bá ti là báyẹn, ṣé àmì mẹ́fà tó yọ sókè, tí Louis Braille tẹ̀ jáde ní 1829 káwọn tí ò ríran lè máa fìka kàwé, ló máa wá bà á lẹ́rù nílé ìwé? Braille fúnra ẹ̀, ọmọ ọdún 3 ni nígbà tí irin tí bàbá ẹ̀ fi ń lu awọ gún un lójú ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì ríran mọ́ níkẹyìn, síbẹ̀ wọ́n rán an lọ sílé ìwé abúlé wọn pẹ̀lú àwọn tó ríran. Wọn ò pọ̀n ọ́n.

Oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ ọdún 3 ló ṣì ń mu ògì nìkan torí wọ́n ní oúnjẹ líle á há a lọ́fun. Ẹ fún un ní nǹkan tó rí págunpàgun lẹ́nu, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ jẹ ẹ́, kó fi kun ara. Ẹ mú un wọ kíṣìnnì. Mo bá ọmọkùnrin kan pàdé ní Kémta tó mọ iyán dénú, ìgbà tí a wá gbé odidi iṣu lé e lọ́wọ́, ó ní igi ni. Kò sẹ́ni tó fi hàn án rí.

Ẹ tún máa pe orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn já a gbà lókè bí ẹyẹ àṣá. Àwọn àlejò tó máa ń wọlé tí wọ́n á ní "ta ni mí? dá mi mọ̀", ẹ lé wọn. Tó bá sì ń sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ padà fún yín, tó ń sọ "o fẹ́ mu omi" dípò "mo fẹ́ mu omi", kì í ṣe wèrè, ó wọ́pọ̀ láàárín wọn, á máa lọ tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Èyí tó bá ń rí díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbé ìwé mọ́ imú, kò lè ba ojú ẹ̀ jẹ́, ẹ sì yéé bu ẹ̀kọ funfun sínú abọ́ funfun fún un.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ti ọmọ tó ń fi ìka tẹ ojú. Wọ́n á ní ẹ̀mí àìrí ló ń bá a jà, wọ́n á so ọwọ́ ẹ̀. Wòlíì kan ní kí wọ́n máa fi ata pa á lọ́wọ́. Ata! Ọmọ tí ìṣòro ẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ojú ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ báyẹn, ohun táwọn onímọ̀ rò ni pé títẹ̀ yẹn ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ fún un nínú ọpọlọ. Tó bá ń tẹ̀ ẹ́ fún ọdún púpọ̀ ojú á jìn wọnú, torí náà lóòótọ́ ó yẹ kó dín kù, àmọ́ ẹ fún ọwọ́ yẹn níṣẹ́ ṣe ni. Ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà ò ráyè tẹ ojú.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ wòlíì, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ tán. Ìyá tó rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún kọ́ ló fọ́ ojú ọmọ. Ọmú tẹ́ ẹ ń kán sí i, ìtọ̀, oje ewé, oògùn ojú tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì láti Pánṣẹ́kẹ́, àwọn yẹn lè fọ́ èyí tí kò tíì fọ́. Òmíràn nínú àwọn oògùn bọ́ọ̀sì yẹn ní steroid nínú, ìyẹn oògùn líle kan tó ń mú kí ojú pípọ́n lọ, ojú á kọ́kọ́ mọ́ kedere, ẹ ó máa yìn ín, ìfúnpá inú ojú á sì máa ga lábẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ojú ẹ̀ tóbi rabata, tó ń ṣomi, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ẹ ní ẹyinjú ẹ̀ rẹwà, ẹ gbé e wá kíá. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé tó gba ọ́síjìn, ó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú ẹ̀ wò ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lẹ́yìn tí ẹ bí i, tí wọn ò bá sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ẹ béèrè.

Èyí tó funfun láàárín ẹyinjú lẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré rárá. Ó lè jẹ́ kàtáráàtì, ìyẹn kí awò inú ojú di funfun bí ìkùukùu, wọ́n máa ń bí i mọ́ ọmọ, tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀ láàárín oṣù 2 tàbí 3 àkọ́kọ́ ọpọlọ á kọ́ láti ríran, tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó máa wọ iléèwé, ojú á mọ́ tán ọpọlọ ò ní mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ojú, retinoblastoma, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ló sábà máa ń mú.

Ẹnìkan ya fótò ọmọ kan níbi ìkómọ àbúrò ẹ̀, fóònù tan iná, ojú kan pupa bó ṣe máa ń rí, ojú kejì funfun báláú. Wọ́n rí i. Gbogbo wọn rí i, wọ́n tiẹ̀ ń fi fótò han ara wọn lórí WhatsApp, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní ojú àjẹ́ nìyẹn. Ọmọ ọdún kan àbọ̀, wọ́n gbé e gun orí òkè lọ gbààwẹ̀, wọ́n kúrò níbẹ̀ wọ́n lọ sọ́dọ̀ alágbo kan tó ń kán nǹkan dúdú sí i lójú, ó ní ìdọ̀tí ló ń jáde. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ti yọ síta kúrò nínú ihò ẹ̀, ó ti ń rùn, jẹjẹrẹ ti wọ inú orí. Ìyá ẹ̀ ló fi fótò ìkómọ yẹn hàn mí, ó ṣì wà lórí fóònù ẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e wá lọ́sẹ̀ tí wọ́n ya fótò yẹn, bóyá ojú kan la máa yọ. Ọmọ á wà, á máa fi ojú kan yòókù sáré kiri. Wọ́n sin ín.

Ẹ lọ wo fótò ọmọ yín lálẹ́ òní. Tẹ́ ẹ bá rí funfun nínú ojú kan, tàbí tí ojú kan ń wo ibòmíràn, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀, FMC Ìdí-Abà, tàbí ọsibítù UCH Ìbàdàn, lọ́jọ́ kejì. Èyí tó bá ti dàgbà tó ń wá iléèwé, Pacelli, iléèwé àwọn tí ò ríran, wà ní Surulere l'Ékòó láti 1962, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà fún irú àwọn ọmọ báyìí sì wà ní Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀gá iléèwé kankan lé yín, òfin tó ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi àìríran yà wọ́n sọ́tọ̀, oṣù kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lù ú. Tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ kó gbogbo ike oògùn tẹ́ ẹ ti kán sí i lójú dání, títí kan èyí tí wòlíì fún yín, ẹ má dà á nù lójú ọ̀nà, mo fẹ́ rí i. Kí ọmọ sì fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọlé.